Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ rélùwéè láàárọ̀, kí lẹ máa ń rí tẹ́ ẹ bá ń dúró?

Aránṣọ_Agége

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Rélùwéè pupa Èkó yẹn, tí wọ́n ń pè ní Red Line, ni mo ń wọ̀ láti Agége lọ sí Yábàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, torí aránṣọ ni mí, Tẹjúoṣó ni mo ti ń ra òwú, síìpù, láínì àti bọ́tìnnì. Kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024, dánfó ni mo ń wọ̀, ẹ sì mọ bí dídúró de dánfó ṣe rí, ojú èèyàn ò ní kúrò ní títì, báàgì á wà láyà, ẹsẹ̀ kan á ti wà níwájú bí ẹni tó fẹ́ sáré ìje, bí bọ́ọ̀sì bá dé ká máa ti ara wa. Nígbà yẹn tẹ́ ẹ bá bi mí pé aṣọ wo lẹni tó dúró tì mí wọ̀, mi ò lè sọ. Ti rélùwéè yàtọ̀. Ọkọ̀ ní àsìkò tiẹ̀, bó o sáré bó ò sáré. Tó o bá ti fi káàdì Cowry tá a fi ń san owó ọkọ̀ kan ẹ̀rọ, tó dún, tí géètì ṣí, tó o gun àtẹ̀gùn dé orí pèpéle, ojú ẹ ti ráàyè nìyẹn.

Aṣọ ni mo máa ń wò jù. Mo máa ń mọ ẹni tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lóru torí iná dé lóru, tó wá sùn lé e lórí láìmọ̀. Mo máa ń rí ànkárá tí wọ́n gé tí ẹyẹ tó wà lára ẹ̀ dorí kodò lápá kan, ó máa ń ṣe mí bíi kí n lọ bá onítọ̀hún. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó dà bíi pé ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìyá ẹ̀ ti tú etí aṣọ yẹn sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì torí ọmọ ń ga. Ìlà méjèèjì tí wọ́n ti ṣẹ́ etí aṣọ náà sí tẹ́lẹ̀ ṣì hàn, ibẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ torí oòrùn ò ráàyè débẹ̀. Mo lè fi ìlà yẹn ka iye ọdún tí aṣọ náà ti lò. Ìyá yẹn mọ abẹ́rẹ́ lò, ọwọ́ ẹ̀ gún.

Èyí tó jẹ́ kí n máa kọ̀wé yìí gan-an ni bàbá kan. Wọ́n máa ń dúró sí ìdí òpó kejì láti ibi àtẹ̀gùn, ibẹ̀ náà ni lójoojúmọ́, wọn kì í jókòó bí àyè tiẹ̀ wà. Rédíò kékeré kan tí wọ́n fi awọ bò wà létí wọn, ìròyìn Yorùbá ni wọ́n máa ń gbọ́. Agbòòrùn dúdú wà lọ́wọ́ kejì, nǹkan tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n máa ń ṣí i, nígbà tí òjò ò rọ̀, tí òrùlé sì wà lókè orí wa. A máa ń kí ara wa, mo á kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní "pẹ̀lẹ́ ọmọ mi", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ orúkọ wọn. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mi ò rí wọn. Ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ ní ojú ọ̀nà yẹn, ṣé ẹ ti rí wọn? Ẹ sì tún sọ ohun tẹ́yin náà máa ń rí fún mi.

Ṣadé_Mushin

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀gbọ́n. Èmi, Mushin ni mo ti ń wọ̀ ọ́. Ohun tí mo máa ń wò ni bí gbogbo wa ṣe máa ń dìde lásán. Hóònù á dún lọ́ọ̀ọ́kán, sẹkiúrítì á fun fèrè pé ká kúrò létí ìlà yẹ́lò, gbogbo èèyàn á dìde, wọ́n á gbé báàgì kọ́, àwọn ìyá á di ọmọ lọ́wọ́ mú, ọkọ̀ á sì kọjá fìrìrì, kò tiẹ̀ ní dẹwọ́ eré, a ó tún padà lọ jókòó. Ọjọ́ míì kọ́ńténà ló kó, mo máa ń kà á títí tó fi máa tán. Lójoojúmọ́ la máa ń dìde o, ọwọ́ wa ò tíì mọ́ ọn. Kí ló dé tí gbogbo ẹ̀ ń gba ojú irin kan náà? Ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé.

Bàbá yẹn, mi ò rí wọn, àmọ́ màá máa wò.

Àgbà_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́ta

Ṣadé ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ fún ẹ, bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè, inú Railway Compound ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí.

Ojú irin yẹn, ti Èkó sí Ìbàdàn ni, èyí tí wọ́n ṣí ní June 2021, kìlómítà 157 ni. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ti ìpínlẹ̀ Èkó ń bá wọn lò ó láti Agbádó dé Ọyìngbò. Nítorí náà ọkọ̀ Ìbàdàn máa gba ibẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Àpápá tàbí tó ń bọ̀ níbẹ̀ náà máa gba ibẹ̀, wọn ò sì ní dúró ní Mushin. Tó o bá wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa wàá rí irin míì tó fún ju èyí lọ, tó ti dógùn-ún lójú ibòmíì. Ìyẹn ni tàwọn òyìnbó àtijọ́. Àárín irin tuntun fẹ̀ tó mílímítà 1,435, ti àtijọ́ jẹ́ 1,067. Ọkọ̀ tèyí ò lè gba orí tìyẹn. Bàbá mi máa ń fi igi kan wọ̀n ọ́n hàn wá nígbà tá a wà ní kékeré, igi yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa títí wọ́n fi kú.

1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin àtijọ́ yẹn láti Ìddó, nígbà tó fi máa di 1901 ọkọ̀ ti ń lọ sí Ìbàdàn. Ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ sínú Compound wa ní 1898 ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè, ẹ lọ wò ó.

Aránṣọ, ohun tó o sọ nípa ojú tó ráàyè yẹn wọ̀ mí lára, àmọ́ jẹ́ kí n fi kún un. Àwa náà máa ń dúró ní Ìddó nígbà yẹn, ojú wa kì í ráàyè. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Agbádó àti Ìjokò, ẹni tó bá fẹ́ jókòó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilẹ̀kùn máa dúró sí. Àwọn ọ̀dọ́ á gun orí òrùlé ọkọ̀. Mo rí ẹni tó já bọ́ lójú mi, mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tá a bá dé Oṣòdì, ojú irin gan-an ni wọ́n ń nájà sí, bí wọ́n bá gbọ́ hóònù wọ́n á gbá tòmátì àti ata sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á kọjá, kí ẹ̀yìn ẹ̀ tó kúrò tán wọ́n ti tún tẹ́ ẹ padà. Ẹ̀rù máa ń bà mí nígbà gbogbo, síbẹ̀ mo máa ń yọrí lójú fèrèsé láti wò wọ́n. Obìnrin kan wà tó máa ń fi ẹsẹ̀ fa apẹ̀rẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn láìwo ọkọ̀, ó ń ka owó lọ. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, mo ṣì lè ya ojú obìnrin yẹn fún yín.

Ṣadé_Mushin

Ẹ ṣé gan-an bàbá. Láàárọ̀ yìí mo wo irin kékeré yẹn, ewúrẹ́ mẹ́ta ló ń rìn lórí ẹ̀ ní tẹ̀léntẹ̀lé.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ má bínú, èmi ò lè bá yín sọ pé dídúró dùn. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin ń lọ, èmi ń bọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi pẹ́ kó tó dé, mo sáré láti ibi kẹ̀kẹ́ Máruwá dé géètì, mo ń gun àtẹ̀gùn lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé, ìdí ọkọ̀ ni mo rí. Mo ti wà lórí ìdúró láti aago méje alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀. Wákàtí tó kù kí òmíràn tó dé yẹn, mi ò rí aṣọ, mi ò rí ẹyẹ, oorun ni mò ń bá jà. Dánfó tẹ́ ẹ ń bú yẹn, ká ní mo dúró ní títì, mo ti lè rí òmíràn wọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́, nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo sùn lọ, nígbà tí mo jí, èjìká ìyá kan ni orí mi wà, ìyá yẹn ò sún kúrò, kò sì jí mi. Ẹja gbígbẹ ló wà nínú agbọ̀n tó gbé sí àárín ẹsẹ̀, òórùn ẹ̀ ló jí mi. Mo ní "ẹ má bínú mà", wọ́n ní "ọkọ̀ ẹ ò tíì dé, sùn".

Aránṣọ_Agége

Nọ́ọ̀sì, o kú iṣẹ́, o kú àìsùn. O jàre mi níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ ní àkókò tiẹ̀ lèmi, mi ò rò ti ẹni tó ń sáré.

Afetíríran

Ẹ kú ìjókòó o gbogbo ilé. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, èmi ń sọ, òun ń kọ. Mi ò ríran láti ọdún 2009. Ìkẹjà ni mo ti ń wọ rélùwéè, mo ń bọ́ sílẹ̀ ní Ọyìngbò.

Ẹ ń sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Níbi géètì, káàdì tó ní owó nínú máa ń dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí owó ẹ̀ ti tán, ohùn tiẹ̀ yàtọ̀, lẹ́yìn náà màá gbọ́ ẹni tó ni ín tó ń mí kanlẹ̀, ẹni ẹ̀yìn ẹ̀ á pòṣé. Lórí pèpéle, bàtà ni mo fi ń mọ èèyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ófísì, gìgísẹ̀ wọn máa ń ta kó kó kó. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń wọ́ ẹsẹ̀. Ìyá tó bá ru ẹrù wúwo, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń balẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń pẹ́ lórí ilẹ̀ kó tó gbé e. Tí òjò bá ń bọ̀, ohùn gbogbo èèyàn máa ń lọ sílẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó gbọ́ àrá.

Ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa ń dìde fún lásán yẹn, èmi kì í dìde fún un. Ọkọ̀ ẹrù máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ bàtà kó tó dé, ó máa ń gbọ̀n pẹ́. Ti tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ̀n, irin náà máa kùn wẹ́ẹ́ bíi kòkòrò, á wá dẹwọ́. Àwọn èèyàn tó mọ̀ mí níbẹ̀ ti ń wo ẹsẹ̀ mi báyìí, bí mo bá dìde ni wọ́n tó máa dìde.

Àbúrò aránṣọ, rédíò bàbá yẹn, ṣé ó máa ń dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, tí wọ́n á wá gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó tún sọ̀rọ̀? Torí mo gbọ́ irú ẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Túsìdeè. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi gbá a, ó sì dún bí ìgbà téèyàn bá gbá nǹkan tó ní awọ.

Aránṣọ_Agége

Ara mi bú mànìnìn! Ó máa ń dákẹ́, wọ́n máa ń gbá a, mo gbàgbé láti kọ ọ́. Àwọn náà ni. Ẹ ṣé o ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí ọmọ yín dáadáa.

Ọmọ_Máìlì2

Rélùwéè búlúù, Blue Line, ni mo ń wọ̀, Máìlì 2 sí Marina, kìlómítà 13, ìdíkọ̀ márùn-ún péré, September 2023 ló ti ń kó wa. Iná mànàmáná ló ń lò, irin kẹta wà nílẹ̀ tí iná ń gbà kọjá, torí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan rò pé òun lè sọ̀ kalẹ̀ lọ mú bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí ọmọ tó fẹ́ sọ̀, àwa márùn-ún la pariwo papọ̀.

Èmi, ìrọ̀lẹ́ ní Marina ni mo fẹ́ràn jù. Omi ń bẹ níwájú wa, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá, àwọn ẹ̀rọ gíga tó ń gbé kọ́ńténà ní Àpápá wà ní òdìkejì. Àárín aago márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ófísì. Wọ́n á dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á yọ bàtà onígìgísẹ̀, wọ́n á mú sálúbàtà jáde látinú lailọ́ọ̀nù, wọ́n á na ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn síwá sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ kó tó di pé wọ́n wọ̀ ọ́. Gbogbo wọn ló máa ń na ọmọ ìka yẹn. Ojú wọn á wá tutù. Ìyá mi ṣe akọ̀wé ní Broad Street fún ọdún méjìlélógún, tó bá dé ilé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà, tá a bá sì ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà yẹn kò ní dáhùn. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é nígbà yẹn. Marina ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Tọ́kọ̀ bá wá kúrò, orí omi ló máa gbà, lẹ́yìn náà ẹ ó rí gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún FESTAC 1977, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Ìgànmú, tó dà bíi fìlà ọ̀gágun, tó ń jẹ́ orúkọ Wole Soyinka báyìí. Àwọn tó dúró máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí i lójú fèrèsé, àwọn tó ń rí i lójoojúmọ́ náà.

Tísà_Ìjú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi. Ọmọ_Máìlì2, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí ìyá yín ti wọ irú ọkọ̀ yẹn. 1983 ni Gómìnà Lateef Jakande ti gbé iṣẹ́ rélùwéè Metroline dìde fún Èkó, 1985 ni ìjọba ológun fagi lé e. Bàbá tó bí mi lọ́mọ máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀. Wọ́n kú ní 2019. Ìdíkọ̀ Agbádó lójú ọ̀nà Ìbàdàn, orúkọ Jakande ni wọ́n fi sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i mo dúró sójú kan, mo ka orúkọ yẹn sókè kí bàbá mi lè gbọ́ ọ.

Àwọn ọkọ̀ pupa tá à ń wọ̀ yẹn náà, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, àwọn yẹn ò lò ó, Èkó ló rà á ní 2022. Mo sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọ kan ní "Àǹtí, ṣé ó mọ̀ pé òun ti wà ní Ìjú?" Mi ò dá a lóhùn kíákíá torí ìbéèrè yẹn wù mí.

Ohun tí mo máa ń rí ní tèmi ni àwọn ọmọ tó máa ń dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n á máa juwọ́ sí awakọ̀. Awakọ̀ kan wà tó máa ń fun hóònù kékeré fún wọn, pì-pì, lẹ́ẹ̀mejì. Tí kì í bá ṣe òun ló wà á lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ á dúró díẹ̀ sí i, wọ́n á máa wo ìdí ọkọ̀ tó ń lọ, kí wọ́n tó wá rìn lọ sí iléèwé.

Ará_Ọyìngbò

Ọ̀dọ̀ mi lọkọ̀ ń parí sí. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà ní ọjà Ọyìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Èmi ń tajà lọ́jà yẹn, òótọ́ ni, tí mi ò bá wá lónìí ẹlòmíì á tẹ́ ẹrù tiẹ̀ síbi tèmi, ọjà á ná. Ìdí tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀ nìyẹn, ẹ ti lé ní mẹ́ta tẹ́ ẹ ń wá bàbá kan tẹ́ ò mọ orúkọ ẹ̀. Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Mo ti sọ fún obìnrin tó máa ń gbálẹ̀ ní ìdíkọ̀ wa, ó ní bàbá tó ń ṣí agbòòrùn lábẹ́ òrùlé, òun mọ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n máa ń kí òun tó bá ń gbálẹ̀, àmọ́ òun náà ò rí wọn ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Aránṣọ, tó o bá rí wọn, wá sọ fún wa kí n lè sọ fún un.

Aránṣọ_Agége

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí wọn.

Àná, Fúráìdè, mi ò wọ̀ ọ́ ní Agége. Mo kúkú wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkẹjà torí ohun tí Afetíríran sọ. Mo rìn lórí pèpéle láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí òpó kejì láti ibi àtẹ̀gùn ni wọ́n wà, níbẹ̀ náà! Mo kúnlẹ̀, mo ní "ẹ káàárọ̀ sà". Wọ́n wò mí títí, wọn ò dáhùn, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi. Ìgbà tí mo tún sọ ọ́ ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "áà, ohùn yẹn! Ìwọ ni ọmọ mi ti Agége. Bó o ṣe rí rè é?"

Ojú wọn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ojú ọ̀tún. Nǹkan funfun ti bò ó tipẹ́, òjìji lásán ni wọ́n ń rí láti bí ọdún méjì, ìdí òpó yẹn ni wọ́n máa ń dúró sí kí wọ́n lè fi ọwọ́ kàn án mọ ibi tí wọ́n wà. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó máa ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ wọlé yẹn máa ń gún wọn lójú bí abẹ́rẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣí agbòòrùn. Ilé àbúrò wọn obìnrin ní Ìkẹjà ni wọ́n wà báyìí kí wọ́n lè máa lọ fi ojú han dókítà. Ojú òsì ló kù.

Gbogbo àkókò tí mo fi ń wo aṣọ wọn, tí mo mọ̀ pé bùbá wọn ti yọ okùn lápá òsì, mi ò mọ̀ pé wọn ò rí mi.

Mo sọ fún wọn pé àwọn kan ń béèrè wọn, mo sọ nípa ẹni tó fi ohùn rédíò mọ̀ wọ́n, àti obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní Ọyìngbò. Wọ́n ní kí n kí gbogbo yín. Wọ́n wá ń wo ojú irin, wọ́n ń bi mí ní nǹkan, pé ṣé pupa gan-an ni ọkọ̀ yẹn àbí wọ́n kàn ń pè é bẹ́ẹ̀, pé kí ni wọ́n kọ sára pátákó tó wà lódìkejì, wọ́n kà á fúnra wọn kí n tó dáhùn. Hóònù dún, gbogbo èèyàn dìde, ọkọ̀ Ìbàdàn ni, ó kọjá. Bàbá fi ojú tẹ̀ lé e títí tí mi ò fi rí i mọ́. Rédíò dákẹ́, wọn ò tiẹ̀ rántí gbá a. Agbòòrùn wà lápá wọn, wọn ò ṣí i títí ọkọ̀ tiwa fi dé.